Ìgbéyàwó ní Etí Adágún Ashi ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ní Hakone, ní apá ìwọ̀-oòrùn Tókíò, adágún kan wà láàárín àwọn òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti tú jáde láyé àtijọ́. Ashi ni orúkọ rẹ̀. Omi náà fi nǹkan bí mítà 720 ga ju òkun lọ, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, ènìyàn a máa rí òkè Fuji lókèèrè, òkè tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,776. Létí omi yìí ni ojúbọ Hakone wà, èyí tí ìtàn sọ pé ẹni mímọ́ kan tí ń jẹ́ Mangan dá sílẹ̀ ní ọdún 757. Ẹnu-ọ̀nà pupa tí wọ́n gbé dúró sínú omi ní ọdún 1952 ni àwọn àlejò ń tò láti yà ní fọ́tò. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn àfẹ́sọ́nà láti òkèèrè ń fẹ́ lọ gbéyàwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ nítorí fọ́tò nìkan kò tíì mọ ohun tí ó ń wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó ń yí po nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn. Taian ni ọjọ́ ire. Butsumetsu ni ọjọ́ tí kò sunwọ̀n, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í gbéyàwó lọ́jọ́ náà. Nítorí èyí, taian tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi ń pọ́n lórí òkè, a máa tètè tán. Àwọn onílé àsè a sì máa dín owó butsumetsu kù. Àlejò tí kò ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí lè jẹ àǹfààní yìí, bí àwọn àna rẹ̀ bá gbà fún un. Kí ó ṣáà yẹra fún oṣù kẹfà: àkókò òjò ni, kùrukùru a sì bo Hakone débi pé ìròyìn òkè Fuji nìkan ni àwọn àlejò yóò gbọ́.

Ètò inú ojúbọ kò gùn. Aṣọ funfun láti òkè délẹ̀ ni ìyàwó ń wọ̀. Ìbòrí kan wà tí àwọn mìíràn ń lò, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ‘afìwopamọ́’. Wọ́n ní ìwo owú àti ìbínú obìnrin ni ó ń bò. (Àwọn obìnrin tó ń ka èyí yóò béèrè pé ìbòrí ti ọkọ ńkọ́.) Àwòrò a ṣe ìwúre fún wọn níwájú àwọn òrìṣà. Lẹ́yìn náà, wọ́n a gbé ife mẹ́ta wá, kékeré, alábọ́dé àti ńlá. Tọkọtaya a fẹnu kan ọtí ìrẹsì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè pé mẹ́sàn-án. San-san-kudo ni wọ́n ń pe èyí. Ẹbí méjèèjì pẹ̀lú a mu ọtí tiwọn, nítorí ẹbí pẹ̀lú ẹbí ni a ń so pọ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé láti ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ti ń lọ sí ojúbọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ife mímu ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ń gbéyàwó tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ọba Yoshihito gbéyàwó níwájú ojúbọ ààfin ní ọdún 1900 ni àṣà tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù.

Owó ẹ̀bùn náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Owó yẹ́ẹ̀nì 30,000 ni ọ̀rẹ́ sábà máa ń mú wá, nítorí iye tí kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń fẹ́. Okùn ara àpòòwé gbọ́dọ̀ jẹ́ kókó tí kì í tú. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ níbi àsè kò gbọdọ̀ dárúkọ ‘gé’ tàbí ‘pínyà’.

Ibi tí ó ti le jù ni ti òfin. Lójú òfin Jàpáànì, ife mẹ́sàn-án kì í ṣe ìgbéyàwó. Ìwé tí a fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí àgbàlagbà méjì jẹ́rìí sí, nìkan ni ó ń sọni di tọkọtaya. Àjèjì gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti gbéyàwó. Ẹni tí kò ṣe èyí, tí kò sì ṣe ti ìlú rẹ̀, yóò padà sílé pẹ̀lú fọ́tò aláràbarà láìjẹ́ ọkọ tàbí aya ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé, fọ́tò kò lè jẹ́rìí.

Àwọn òbí ńkọ́? Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ òfuurufú wọ́n, àtẹ̀gùn òkúta sì ni a ń gùn dé ojúbọ Hakone. Bí bàbá àti ìyá kò bá lè dé ibẹ̀, ta ni yóò mu ọtí ẹbí? Àwọn tí ó ronú kan èyí a máa ṣe ìdána àti ìwé nílé, lójú gbogbo àgbà, kí wọ́n tó kó ìwọ̀nba ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé e lọ sí etí omi.