Ẹni Tó Háyà Sáfà Ni Yóò Tọ́jú Rẹ̀

Kò sí ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í gbé inú kọ̀ǹpútà kan níbì kan, tí iná kì í kú lórí rẹ̀, tí ó sì ń dá gbogbo ẹni tó bá béèrè ojú-ìwé lóhùn tọ̀sán-tòru. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sáfà. Ìkànnì àkọ́kọ́ lágbàáyé, tí Tim Berners-Lee ṣe ní ilé ìwádìí CERN ní Switzerland, orí kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́ ló wà, ó sì lẹ bébà mọ́ ọn lára láti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ní ọdún 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáfà háyà fún aráàlú, tí wọ́n sì ń ka owó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Òwò yìí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí cloud, ti gbilẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó sí Òṣogbo lè háyà sáfà tó wà ní London tàbí Frankfurt láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ fún ìkànnì kékeré kò sì ní ju dọ́là 5 sí 10 lọ.

Ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó fi sáfà háyà fún un parí sí. Bí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni: onílé ló ni òrùlé àti ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò máa bá ayálégbé ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà yóò pèsè iná, ẹ̀rọ amúlétutù àti okùn íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì pààrọ̀ ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń wọlé, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà àti fáìlì tó wà níbẹ̀ di ọwọ́ ẹni tó háyà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ráàyè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba àyè lórí sáfà alájọlò, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe púpọ̀ nínú ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀, èyí sì sàn púpọ̀ ju kí ènìyàn háyà sáfà kí ó sì pa á tì lọ.

Ètò Linux ló ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn sáfà wọ̀nyí, àṣẹ tí ènìyàn bá sì fi kíbọọ̀dù tẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ inú wọn láti òkèèrè ni SSH, tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland ní ọdún 1995 lẹ́yìn tí àwọn kan ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì kan níbẹ̀. Bí nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì sáfà bá jẹ́ 203.0.113.10, àṣẹ ìwọlé ni ssh root@203.0.113.10, nínú èyí tí root jẹ́ orúkọ ọ̀gá pátápátá, ẹni tí kò sí ohun tí kò lè ṣe nínú sáfà náà.

Agbára ọ̀gá yìí gan-an ni àwọn olè ń wá. Sáfà tuntun kì í pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀: bí ènìyàn bá ṣí àkọsílẹ̀ ìwọlé, tó sábà máa ń wà ní /var/log/auth.log lórí Ubuntu, irú Linux kan, yóò rí ìlà lórí ìlà tí wọ́n kọ "Failed password for root" sí, láti orílẹ̀-èdè tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ọ̀tá kan dìídì ń lépa rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n rán níṣẹ́ pé kó máa dán ọ̀rọ̀ aṣínà tó wọ́pọ̀ wò lórí gbogbo sáfà tó bá rí. Oògùn rẹ̀ ni kí ènìyàn lo kọ́kọ́rọ́ SSH, fáìlì méjì tó bára wọn mu, tí ọ̀kan wà lórí sáfà, tí èkejì kò sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà oní-nǹkan. Bí èyí bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ó pa ìwọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni yóò ti àwọn ojú ọ̀nà ìwọlé sáfà náà (port), tí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, tí yóò fi 22, ti SSH, sílẹ̀ fún ara rẹ̀, tí yóò sì fi 80 àti 443 sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá wo ìkànnì.

Ìyókù kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nginx tàbí Apache ni yóò máa gbé ojú-ìwé fún àlejò, WordPress sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú-ìwé. Orúkọ ìkànnì ni wọ́n ń rà lọ́dọọdún, tí wọn yóò sì darí rẹ̀ sí nọ́ńbà sáfà. Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ààbò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ju ọjọ́ 90 lọ kí ó tó parí, nítorí náà ètò tí yóò máa tún un gbà fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ni kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Ní òru ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná sọ ní ilé sáfà OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jó ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 run pátápátá. Kò sí ẹni tó kú, àmọ́ àìmọye ìkànnì kò ṣí mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tó ní ẹ̀dà ní ìlú mìíràn háyà sáfà tuntun, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn tó jẹ́ pé inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà wọn wà, ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ohun gbogbo. Àwọn tó ṣe eré kọ̀ǹpútà Rust kéde pé détà àwọn sáfà wọn tí iná náà kàn ti ṣòfò. Nítorí náà, ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà kò tó. Ó yẹ kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tàbí lórí kọ̀ǹpútà ilé. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí iná nìkan, nítorí ní ọdún 2022 tí ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà dín iye dọ́là tí káàdì náírà lè san kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, owó sáfà di ìṣòro fún àwọn tó lówó lọ́wọ́ pàápàá, bẹ́ẹ̀ sáfà tí wọn kò bá sanwó rẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó dára kí olùtọ́jú ìkànnì máa háyà sáfà kékeré fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó da ẹ̀dà náà sí i, kí ó sì ka ojú-ìwé bíi mélòó kan dáadáa. Bí ìkànnì náà bá jẹ́ ti Yorùbá, àmì ohùn ni kí ó kọ́kọ́ wò: bí ibi tí ìkànnì náà ń kó détà rẹ̀ pamọ́ sí kò bá lo ètò ìkọ̀wé utf8mb4, tó lè gba gbogbo lẹ́tà àti àmì, àwọn lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ bí "ọ̀nà" lè di àmì ìbéèrè. Ìgbà tí ó bá ti rí i pé gbogbo rẹ̀ pé ni yóò pa sáfà ìdánwò náà rẹ́, kí wọ́n má baà máa ka owó rẹ̀ lọ.