Bí àwọn òmùwẹ̀ ṣe ń yí ìwà ẹja padà lábẹ́ òkun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Òwe yìí kò yọ ẹja inú òkun sílẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé bí àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ṣe ń lọ wo ẹja nídìí àpáta iyùn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹja ń wò wọ́n, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí kọ́gbọ́n.

Ní erékùṣù Guam, nínú òkun Pàsífíìkì, àwọn apẹja kan máa ń gbé ọ̀kọ̀ wọ inú omi lọ gún ẹja. Lọ́dún 2014, Steve Lindfield àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde níbẹ̀. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n fi wé ara wọn. Èkínní ni èyí tó wọ́pọ̀, tí afẹ́fẹ́ tí òmùwẹ̀ mí síta máa ń hó lọ sókè tariwo-tariwo. Èkejì a máa fọ afẹ́fẹ́ náà mọ́ kí òmùwẹ̀ lè tún mí in sínú, kì í sì í pariwo. Níbi tí wọ́n ti ń pẹja, àwọn tó lo irinṣẹ́ aláìláriwo rí ẹja ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjọba ti fòfin de ẹja pípa, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ìtumọ̀ èyí ni pé kì í ṣe ariwo nìkan ló ń lé ẹja. Ohun tí ojú wọn ti rí ló kọ́ wọn láti sá.

Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi irinṣẹ́ aláriwo ka ẹja lè rò pé wọ́n ti tán, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n sá pamọ́. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba máa ń gbé òfin ẹja pípa lé.

Níbi tí wọ́n ti ń fún ẹja lóúnjẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní erékùṣù Grand Cayman, ìwádìí ọdún 2013 fi hàn pé àwọn ẹja pẹlẹbẹ olóró-nírù, tó jẹ́ pé òru ni wọ́n ń jẹ̀, tí wọ́n sì ń dá rìn, ti di ẹni tó ń jáde lọ́sàn-án, tí wọ́n ń fún pọ̀ sójú kan nítorí oúnjẹ àwọn àlejò. Wọ́n tilẹ̀ ń bu ara wọn jẹ.

Láti ọdún 2002 ni ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti fòfin de kí òmùwẹ̀ máa fún ẹja lóúnjẹ kó lè rí wọn wò. Ẹja tó bá ti mọ ènìyàn mọ́ oúnjẹ kò ní sá fún ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ dání.