Òkú Abiyamọ Nínú Fíìmù Mama
Fíìmù adẹ́rùbani tí ó gbé ẹ̀rù rẹ̀ ka orí ìfẹ́ ìyá sí ọmọ kò pọ̀ tó èyí tí ó gbé e ka orí ìgbẹ̀san, ọ̀kan nínú irú wọn sì ni Mama, tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Andy Muschietti, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ni ó darí rẹ̀. Òun àti Barbara, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti kọ́kọ́ fi èdè Sípáníìṣì ṣe fíìmù kékeré kan tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ọdún 2008. Ìyẹn ni Guillermo del Toro, gbajúgbajà olùdarí ọmọ Mẹ́síkò, rí tí ó fi ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn kí ó lè di odindi fíìmù. Nǹkan bí mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, èyí tí ó sì wọlé ju mílíọ̀nù 140 lọ.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008. Jeffrey, oníṣòwò tí gbogbo nǹkan ti dojú rú fún, pa ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, Victoria ọmọ ọdún mẹ́ta àti Lilly ọmọ ọdún kan, sá lọ lórí yìnyín títí ọkọ̀ fi yọ̀ bọ́ sínú igbó. Nínú ahéré kan ni ó ti bọ́ awò ojú Victoria kí ó má baà rí ìbọn tí òun fẹ́ yìn, ṣùgbọ́n ohun kan yọ láti inú òkùnkùn, ó sì pa bàbá náà. Ohun náà ni ó di ìyá àwọn ọmọ, tí ó ń fi èso ṣẹ́rì bọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n sì rí wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bí ẹranko. Lucas, arákùnrin Jeffrey, gbà láti tọ́ wọn pẹ̀lú Annabel olólùfẹ́ rẹ̀, tí Jessica Chastain ṣe, obìnrin olórin rọ́ọ̀kì tí inú rẹ̀ ń dùn, nígbà tí òǹwòran kọ́kọ́ rí i, pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun kò lóyún.

Iwin ni ohun náà, Edith Brennan sì ni orúkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ni wọ́n fi í sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá jáde, ó jí ọmọ rẹ̀ gbé, ó sì gbé e bẹ́ láti etí ọ̀gbun nígbà tí àwọn tí ń lé e ká a mọ́. Ẹ̀ka igi gba ọmọ náà dúró, ìyá nìkan ni ó já sínú omi, kò sì mọ ibi tí ọmọ wọlé sí. Kì í ṣe àkúdàáyà, ẹni tí ó kú níhìn-ín tí wọ́n tún bá ní ìlú mìíràn tí ó ń ṣòwò tí ó sì ń bímọ bí alààyè. Ìbànújẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù sáyé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀mí burúkú lásán, nítorí pé òun ni ó gba àwọn ọmọ náà là. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹ̀rù ni pé kò gbà kí ẹlòmíràn bá òun pín wọn, Lucas ni ó sì kọ́kọ́ forí fá a.

Ibi tí ọgbọ́n olùdarí ti hàn jù kò ní ariwo kankan nínú. Kámẹ́rà dúró sójú kan, ó fi yàrá àwọn ọmọ hàn lápá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá kejì. Lilly ń rẹ́rìn-ín, òun àti ẹnìkan tí ògiri bò jọ ń fa kúbùsù, òǹwòran sì ti gbà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, àfi bí Victoria ṣe yọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Javier Botet, òṣèré ọmọ Sípéènì, ni ó ṣe iwin náà. Ó ní àìsàn Marfan, àìsàn àbímọ́ni tí ń mú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí nìyí tí rírìn iwin náà fi ń ba ènìyàn lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí ìtàn ń parí lọ, wọ́n fi iwin náà hàn lójú kòrókòró, wọ́n sì lo àwòrán kọ̀ǹpútà fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìparí, ní etí ọ̀gbun tí Edith ti bẹ́, wọ́n gbé egungun ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí Lilly ti ké pè é ni ó ju egungun náà nù. Victoria dúró ti Annabel. Lilly bá Edith lọ, wọ́n jọ já sísàlẹ̀, wọ́n sì tú ká di àfòpiná. Ìparí yìí kò tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn, nítorí pé fíìmù Amẹ́ríkà tí ó wọ́pọ̀ ìbá gba ọmọ méjèèjì là, ṣùgbọ́n òun ni ó bá ìtàn náà mu jù. Victoria ti mọ ìyá tí ó bí i kí ó tó dé inú igbó. Lilly kò mọ ìyá kankan ju Edith lọ, kò sì sí ohun tí Annabel lè ṣe láàárín oṣù díẹ̀ tí yóò pa ìyẹn rẹ́.