Kí Wọ́n Tó Mú Un Lára Yín, Ṣé Wọ́n Bi Yín?



Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré yìí. Kókó kan yọ sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní òun yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá, Màmá sì tẹ̀ka. Nígbà tí a lọ kí wọn, a béèrè pé, “Màmá, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé náà?” Màmá rẹ́rìn-ín. “Pásítọ̀, ta ni yóò máa bi dókítà léèrè? Àwọn ni wọ́n mọ̀wé.”

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kókó náà kì í ṣe ti ikú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn Màmá kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí púpọ̀ nínú wa ni a ti tẹ̀ka bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun Tí Kò Kú

Ọlọ́run fi ọ̀kẹ́ àìmọye hóró tíntìntín mọ ara wa. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí a bá mú un kúrò lára, kì í pẹ́ kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, pàápàá èyí tí ó ti ara jẹjẹrẹ wá, tí wọ́n máa ń pọ̀ sí i nínú ìgò láìdáwọ́ dúró.

Ní ọdún 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Henrietta Lacks, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún ìwádìí, wọn kò bi í. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí wọ́n sọ ní HeLa, kò kú. Òun ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Fún nǹkan bí 20 ọdún, ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún 2023 ni ẹbí rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ Thermo Fisher, tí ó ń fi sẹ́ẹ̀lì náà ṣòwò, tó yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè ní ọdún 2021.

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1963, ní Ìbàdàn, ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pulvertaft mú sẹ́ẹ̀lì nínú kókó tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọkùnrin kan, ọmọ Nàìjíríà, tí kò ju ọmọ ọdún 11 tàbí 12 lọ. Jẹjẹrẹ tí ń ṣe ọmọ náà ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Denis Burkitt pè, dókítà onígbàgbọ́ tí ó ṣiṣẹ́ ní Uganda. Raji ni orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà títí di òní. Ó ti lé ní 60 ọdún, wọ́n ṣì ń tà á fún àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n sì ń fi í dán oògùn jẹjẹrẹ wò.

A kò sọ pé ìwádìí burú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lónìí nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé, ẹni tí ó ni ara ńkọ́?

Ohun Tí Ìwé Mímọ́ Fi Hàn Wá

Àwọn ará ilé Rèbékà ti gba ẹ̀bùn, wọ́n ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Síbẹ̀, kí ó tó gbéra, wọ́n pe ọmọbìnrin náà, wọ́n sì bi í bóyá yóò lọ (Jẹ́nẹ́sísì 24:57-58). Ṣùgbọ́n nígbà tí Nábótì kọ̀ láti fi ọgbà àjàrà rẹ̀ sílẹ̀, ààfin Áhábù fi ipá gbà á, Olúwa sì rán Èlíjà sí i (1 Àwọn Ọba 21). Bí ó bá rí báyìí lórí ilẹ̀ lásán, mélòó mélòó ni ara tí ó jẹ́ tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ (1 Kọ́ríńtì 6:19)?

Òfin ìjọba náà ti sọ̀rọ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e. Ó ní kí wọ́n má ṣe mú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara ẹni láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí ó ń yọ̀ǹda. Bí ó bá jẹ́ ti ìwádìí, ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ mú ọmọ tí ó mọ̀wé dání. Ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni ẹ fẹ́ mú lára mi? Ṣé fún ìtọ́jú mi nìkan ni, tàbí fún ìwádìí pẹ̀lú? Bí mo bá kọ ti ìwádìí, ṣé ẹ ó ṣì tọ́jú mi? Dókítà rere kì í bínú sí ìbéèrè. Bí ọkàn yín bá sì fẹ́ ẹ, ẹ yọ̀ǹda; ọrẹ àtinúwá ni yóò jẹ́.

Ẹ̀bi Tiwa

Nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ bá wa wí. Àwa fúnra wa ni a kéde kókó ọrùn Màmá lórí pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi pé kí ìjọ gbàdúrà. A kò bi wọ́n. Ọjà ni wọ́n ti gbọ́ pé gbogbo ìlú ti mọ̀. A lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ò kúkú bi mí.” A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ Olúwa, ẹ jẹ́ kí á máa gba àṣẹ kí á tó sọ ìtàn àìsàn ẹni lórí pẹpẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìwòsàn.

A ka ọ̀rọ̀ yìí sí Màmá létí kí a tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí á tẹ̀ ẹ́, kí á má sáà dárúkọ àwọn. Wọ́n sì sọ fún wa pé nígbà tí àwọn padà lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ ọmọ àwọn ni ó ka ìwé náà kí àwọn tó tẹ̀ka.

Kí Olúwa tí ó dá ara wa máa pa á mọ́, kí ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú wa ní ọgbọ́n àti ìbẹ̀rù Rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.