Bí dísíìkì kan bá kú, ṣé onítẹ̀wé máa mọ̀?

Àwọn tó ń tẹ̀wé láti Fádèyí wọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ oníbàárà tó wà nínú kọ̀ǹpútà, owó ni. Bí dísíìkì tó gbé e bá kú, kálẹ́ńdà tó yẹ kó jáde lọ́la ti bá a lọ nìyẹn. Linux, tí a kì í fowó rà, lè so dísíìkì méjì pọ̀, kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ ìkejì. RAID 1 ni wọ́n ń pè é.

Ewu ibẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kì í dúró, torí náà ọ̀gá lè má fura títí ìkejì yóò fi kú. Ẹ máa tẹ cat /proc/mdstat. Bí ẹ bá rí [UU], méjèèjì pé. [U_] tàbí [_U], ọ̀kan ti lọ. Ẹ ra òmíràn tí kò kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi mdadm dá a padà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má jẹ́ kí iná já a. Ẹ sì wo nọ́ńbà ara dísíìkì dáadáa, kí wọ́n má lọ yọ èyí tó yè!

Iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí méjèèjì ló ti máa pa rẹ́. Ẹ ní ẹ̀dà mìíràn nílé.