Àdéhùn Ilẹ̀ ní Ọ̀tà: Ẹlẹ́rìí Tàbí Ìwé?

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ní Ọ̀tà, ìlú Àwórì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán, nítorí láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti kún Sango-Ọ̀tà ni tẹrú-tọmọ ti ń wá ilẹ̀ rà níbẹ̀.

Lábẹ́ àṣà, ohun mẹ́ta ní í fìdí títa ilẹ̀ múlẹ̀: owó tó pé, ẹlẹ́rìí, àti fífa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ níṣojú wọn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fẹ́ kí ẹnì kan dábàá, kí ẹnì kejì gbà á láìyí i padà, kí olúkúlùkù fi nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì gbà pé òfin de àwọn. Bó bá kan ilẹ̀, láti 1677 ló ti ń béèrè ìwé tí a fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ta ní ń tà á? Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, 1959, ilé-ẹjọ́ là á yé wa pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìfi ti olórí ẹbí ṣe, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè ní kí a fagi lé e. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 tún fi àṣẹ ìjọba kún un.

Nítorí náà, rìísíìtì ẹ̀yìnkùlé kò tó. Ẹ pe olórí ẹbí àti àwọn àgbà, ẹ jọ dúró lórí ilẹ̀ náà, lẹ́yìn èyí kí ẹ kọ̀wé. Àgbà tó jẹ́rìí lónìí lè má sí lọ́la. Ìwé ni yóò bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀.