Afòpiná Tí Kò Lè Fò

Ẹ̀yin náà mọ afòpiná, ẹni tí iná fìtílà ń pa. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, Lymantria dispar, abo rẹ̀ ní ìyẹ́ o, àmọ́ kò lè fò. Síbẹ̀ ó ti tàn ká ìlà oòrùn Amẹ́ríkà: atẹ́gùn ń fi okùn tín-ínrín gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ọkọ̀ àti igi ìdáná ń gbé ẹyin rẹ̀.

Ọmọ Faransé kan, Étienne Léopold Trouvelot, ló kó o wá sí Medford, ní Massachusetts, ní nǹkan bí ọdún 1869. Òwú ṣẹ́dà ló ń wá, bí àwọn bàbá wa ṣe ń wá sányán. Díẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tó bí ogún ọdún kí ariwo tó ta, ní 1889, tí kòkòrò ajẹwé bo ògiri ilé, tí igi ku ẹ̀ka lásán.

Kí ló ń dá wọn dúró tí wọn ò fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Abo kan ṣáà lè yé ẹyin tó ẹgbẹ̀rún. Eku ni! Nígbà tí kòkòrò bá ń para dà, tí kò lè sá, eku á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èso igi oak ni eku fi ń la òtútù já. Bí oak ò bá so, eku á kú lọ, kòkòrò á ráyè, á sì wá jẹ ewé oak ọ̀hún gan-an.

Tí wọ́n bá ti pọ̀ kọjá ààlà, eku mélòó ló máa jẹ wọ́n tán? Ní 1981, igbó tó lé ní mílíọ̀nù 12 éékà ni wọ́n jẹ ewé rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan ló máa ń parí ìjà yẹn: bí wọ́n ṣe há mọ́ra tó ló ṣe ń yára ràn. Láàárín ọdún kan sí mẹ́ta, wọ́n á wó lulẹ̀.

Láti 1989, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, Entomophaga maimaiga, ti kún un. Ó ń pa wọ́n kódà nígbà tí wọn ò pọ̀, àmọ́ òjò ló ń gbé e ró. Nígbà tí ọ̀dá mú ní New England ní bíi 2014 sí 2016, kòkòrò gbérí, oak púpọ̀ sì gbẹ pátápátá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti eṣinṣin Compsilura concinnata, tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ní 1906 pé kó bá wọn gbógun tì í. Kò mọ ọ̀tá yàtọ̀. Ó ń pa àwọn afòpiná ńláńlá tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àwọn tó ń hun ṣẹ́dà tiwọn. Trouvelot fúnra rẹ̀ ti sin ọ̀kan nínú wọn rí, kó tó lọ kó ti òkèèrè wá.